Ìkúnlẹ̀ Àdùní

Jámánì, ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 2024

Bàbá mi,

Àsàlámù aléékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín, kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán: kò sí àga nínú ilé àwọn erin, orí koríko gbígbẹ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìdérí garawa ni mo fi ṣe tábìlì. Ẹ kú ọyẹ́. Màmá ńkọ́? Ìdíátù àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ yín tó máa ń wú tí ẹ bá dúró pẹ́ nídìí ìsọ̀ ẹran ti fúyẹ́?

Ẹ búra pé ẹ kò ní gbọ́ ohùn mi lórí fóònù títí n ó fi wọ ilé yín ní Gbégamey ní Kútọnu. Mo gbà. Benjamin, ará Pobè tó ń ra ọkọ̀ àlòkù níhìn-ín lọ sí èbúté Kútọnu, ló ní òun yóò máa bá wa mú ìwé lọ, mú ìwé bọ̀.

Ẹ bi mí bí ọmọ tí ẹ rán lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní yunifásítì Calavi ṣe di ẹni tó ń wọ aṣọ dídán gun erin kí òyìnbó lè pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Sírìkì jẹ́ àgọ́ ńlá tó ń ti ìlú kan dé òmíràn. Àwọn èèyàn ń rìn lórí okùn nínú rẹ̀, àwọn ẹran sì ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ẹsẹ̀ erin méjì ni wọ́n gbà mí láti tọ́jú. Àtẹ́lẹsẹ̀ erin máa ń sán tó bá ń dúró lórí sìmẹ́ńtì, ìdọ̀tí á wọlé, á sì di ọyún sínú. Obìnrin tó ń bá wọn ṣeré nígbà náà sá lọ. Nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé, Bruno tó ni sírìkì ní kí n wọ inú àgọ́ pẹ̀lú wọn. Bí mo ṣe dé orí erin nìyẹn.

Èyí àgbà, mo ń pè é ní Àdùní. Èkejì ni Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kéré níbì kankan. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n bíi tiwa, apá gúúsù ni wọ́n ti kó wọn. Wọ́n ní erin ti pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n fi hẹlikópítà lé agbo wọn jọ, wọ́n yìnbọn pa gbogbo àgbà, wọ́n wá so àwọn ọmọ mọ́ òkú ìyá wọn kí wọ́n má bàa sá títí ọkọ̀ yóò fi dé. Títí di òní, tí Àdùní bá gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ tútù, á na ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn náà, sí mi lẹ́nu. Ó ń wò ó bóyá mo ṣì ń mí.

Bruno ní ọ̀pá kan tó gùn tó apá mi, irin ṣóńṣó wà lórí rẹ̀, ìkọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà. Awọ erin nípọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ bíi tiwa lẹ́yìn etí, lábẹ́ àgbọ̀n àti láàárín èékánná ẹsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Bruno ń fi ìkọ́ náà sí. Lánàá ó fẹ́ kí Àdùní gun àpótí onírin tí wọ́n ń dúró lé nínú eré. Ọyún wà nínú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti òsì, kò lè gùn ún. Bruno fi ìkọ́ kọ́ ọ lẹ́yìn etí, ó sì so ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀pá náà bí ẹni ń já ẹ̀ka igi, títí awọ fi ya. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ẹnu Àdùní, ó sì ń lá a. Bruno ní tí kò bá gun àpótí yìí mọ́, òun kì í bọ́ ẹran tí kò níṣẹ́, òun yóò yìnbọn pa á.

Bàbá, ohun tí mo ń wá níbí nìyẹn. N kò fẹ́ kí ó pa á. Ẹ fi í sínú àdúà.

Èmi, ọmọ yín, Ṣàrífátù.


Gbégamey, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2024

Ṣàrífátù ọmọ Àbídéènì,

Aléékúmù sàlámù. Ìwé rẹ dé. Ìdíátù kà á fún ìyá rẹ, èmi náà tún un kà nígbà tí mo ti ilé ìpẹran dé, tí mo sì ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

O fi oríkì ìyá mi pe ẹranko. Ìyá mi tó wà nínú ilẹ̀ ní Ṣakété! Mo ké, ìyá rẹ ní kí n fara balẹ̀, pé bí òun ṣe rántí ìyá mi, tó bá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè gbà á kọjá, nítorí náà orúkọ náà kò ṣìnà. Èmi àti ìyá rẹ kò tíì parí ìyẹn.

Háàrúnà tí ìsọ̀ rẹ̀ kangun sí tèmi ti gbọ́. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń kí mi pé, "Àbídéènì, ọjọ́ wo lerin náà ń bọ̀? Èmi ni mo ni itan o! Ẹ má fún àwọn ará Jonquet, ọtí ni wọ́n máa fi í mu." Mo dá a lóhùn pé orí ni n ó fún un, kí ó lè ní ọpọlọ díẹ̀.

Ẹran tí wọ́n bá lù kí wọ́n tó pa á, ẹran rẹ̀ á dúdú, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Alápatà tó bá ń lu ẹran kò mọ iṣẹ́. Nítorí náà n kò bá Bruno yìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ ni. Kí ló kàn ọ́? Ṣé ìwọ ló bí i? Ààwẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí Iléyá tó dé, kí o ti wà nílé. Dókítà ẹran kò tó ní ìlú wa, o sì lọ ń fọ ẹsẹ̀ fún erin òyìnbó.

Bàbá rẹ, Àbídéènì.


Jámánì, ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì nípa orúkọ náà. Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Ìkúnlẹ̀ ti lónìí kò rọrùn, nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú sìmẹ́ńtì dókítà. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ẹ má fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.

Mo la ọyún ẹsẹ̀ Àdùní. Iṣẹ́ sùúrù ni: a máa fi ọ̀bẹ kékeré gé àtẹ́lẹsẹ̀ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń bó iṣu, títí a ó fi dé ibi tó ti rọ̀, lẹ́yìn náà a ó tẹ̀ ẹ́ kí ọyún tú jáde. Ó dùn ún gan-an. Ó lè fi ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo pa mí, ṣùgbọ́n ó dúró. Ẹsẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san nígbà tí Bruno wọlé pẹ̀lú ìkọ́. Bó ṣe máa ń ṣe ni pé á kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá fún ọmọdé, á sún mọ́ ọn, á wá mú un jáde lójijì. Ó gún ojú ọgbẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ó tún gún un. Mo bọ́ sáàárín wọn, ó fi igi ọ̀pá náà lu ọrùn ọwọ́ mi, mo sì gbọ́ tí ó kán. Kékeré ń ké nínú ṣéènì rẹ̀ títí odi ilé fi ń gbọ̀n.

N kò ní purọ́ fún yín nínú oṣù mímọ́ yìí. Ọ̀bẹ tí mo fi la ọyún wà nílẹ̀, mo wo ọrùn Bruno, mo mọ ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà. Ọlọ́run ló gbà mí, ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni ó kán.

Bàbá, tí mo bá wálé, Àdùní á kú. Ẹ ti pẹ́ láàárín akọ màlúù àti àwọn ọ̀gá oníbìínú. Kí ni kí n ṣe?

Ṣàrífátù.


Gbégamey, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 2024

Ṣàrífátù,

Ìyá rẹ sunkún lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ, ó ní kí n kọ ọ́ pé kí Bruno má rí ọmọ tirẹ̀ gbé jó. Mo ti kọ ọ́.

Kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n mú ọkùnrin kan, wọ́n ní ó jí fóònù. Igi, bíríkì, ìgbátí. Ẹnì kan ti fi irin alùpùpù la etí rẹ̀, ó ń rọ̀ sílẹ̀ bí ewé. Ẹnì kan ń yí táyà bọ̀, ẹlòmíràn di ìgò bẹntiróòlù mú, irú èyí tí wọ́n ń tà létí títì. Ọkùnrin náà ń sá, bó ṣe ń sá ni wọ́n ń lù ú, nítorí sísá ló ń dùn mọ́ ẹni tó ń luni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dáwọ́ sísá dúró. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Mo fi ọ̀bẹ lélẹ̀, mo bọ́ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ó ti kúnlẹ̀."

Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀, olè ni!"

Mo ní, "Mo mọ̀ pé olè ni. Ó ti kúnlẹ̀."

Háàrúnà wá dúró tì mí, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó di ìgò bẹntiróòlù tilẹ̀ padà sọ́dọ̀ obìnrin tó tà á fún un, ó ní òun kò lò ó mọ́, kí ó gbà á padà. Ọkùnrin náà lọ sílé, etí rẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.

O mọ òfin ilé mi: ẹni tó bá ti kúnlẹ̀, a kì í nà án. Bàbá mi kò nà mí lórí ìkúnlẹ̀ rí, èmi kò sì nà yín lórí ìkúnlẹ̀ rí, bó ti wù kí Ràṣídì ẹ̀gbọ́n rẹ dá ẹ̀ṣẹ̀ tó. Ìbínú ọkùnrin máa ń wá ẹni tó dúró. Kọ́ ẹran yẹn ní ìkúnlẹ̀. Tí Bruno bá wọlé, kí ó kúnlẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí obìnrin bí tí yóò rí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lórí orúnkún tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní wálẹ̀.

Ẹran yẹn ni mo wí. N kò dárúkọ.

Bàbá rẹ.


Jámánì, ọjọ́ kẹta, oṣù keje, 2024

Bàbá mi,

Àwa méjì la kúnlẹ̀ kí yín lónìí, èmi àti Àdùní! Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá, ẹ má bínú pé n kò wá. Tí ẹ bá ka èyí tán, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Ó gba sùúrù. Ohun tí à ń pè ní orúnkún ẹsẹ̀ iwájú erin, ọrùn ọwọ́ ni, tí a bá tẹ̀ lé egungun. Ó lè tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Kúnlẹ̀." Mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo aṣiwèrè. Ní ọjọ́ kan ó tẹ ẹsẹ̀ kan, mo fún un ní búrẹ́dì. Ó tẹ èkejì, ó tẹ́ ọwọ́jà rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, gẹ́gẹ́ bí Ìdíátù ṣe máa ń tẹ́ ìborùn sílẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ kí àwọn àna.

Nígbà tí Bruno dé, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe, mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Àdùní kúnlẹ̀. Bàbá, ọkùnrin náà dúró bí òpó. Ó wo ìkọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wo Àdùní, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì sọ ìkọ́ náà sílẹ̀. Ó pe gbogbo ará àgọ́ wá wò ó. Ní báyìí ó ti di eré: Bruno á wọlé pẹ̀lú fìlà gíga, erin á kúnlẹ̀ fún un, àwọn èèyàn á dìde pàtẹ́wọ́. Kò béèrè àpótí onírin mọ́. Ẹsẹ̀ ti ń jinná. Àdùní kò ní kú lọ́dún yìí, ẹ̀yin lẹ gbà á là.

Nǹkan méjì ló ń kọ mí lóminú. Kò dúró de ọ̀rọ̀ mi mọ́. Tó bá ti rí Bruno tó kó ọwọ́ sẹ́yìn, á kúnlẹ̀, á máa gbọ̀n, ìtọ̀ á sì máa dà lára rẹ̀. Èkejì: nínú igbó, erin kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá kúnlẹ̀, nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ pa.

Ẹ kí Màmá. Ọwọ́ mi ti jinná.

Ṣàrífátù.


Gbégamey, ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù keje, 2024

Ṣàrífátù ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ sókè níwájú ìsọ̀. Háàrúnà ní kí n tún un kà. Ẹni tó wá ra ìfun dúró gbọ́ títí ìfun fi gbóná. Ní Gbégamey báyìí, Bàbá Elérin lorúkọ mi. Oníṣẹ́ zẹ́mìjàn tó fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi lọ sí Ganhi lánàá kò gba kọ́bọ̀, ó ní kí n sọ fún erin mi pé òun kí i.

Ọ̀rọ̀ igbó tí o sọ, fi í sílẹ̀ sínú igbó. Ọmọ tí a ti kọ́ kì í ṣe ará igbó mọ́. Ìgbọ̀nrìrì náà dára bákan náà, ẹ̀rù àgbà ni.

Ìgbéyàwó Ìdíátù máa wáyé lẹ́yìn òjò. Ọjọ́ wo lo ń bọ̀? Mú àwòrán erin náà dání, níbi tó ti kúnlẹ̀.

Bàbá rẹ, Elérin.


Gbégamey, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, 2024

Ṣàrífátù,

Benjamin dé pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta, kò sí ìwé rẹ nínú ìkankan. Mo bi í, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní ara rẹ le, ó ní o ti rù. Ìdíátù ti relé ọkọ, àga rẹ ṣófo níbẹ̀. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Kọ ìlà kan péré.

Bàbá rẹ.


Gbégamey, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 2024

Ṣàrífátù,

Ọmọ Háàrúnà gbé fóònù wá sí ìsọ̀. Ó ní, "Bàbá Elérin, ẹ wá wo erin." Mo nu ọwọ́, mo gbà á. Mo rí erin kan tó kúnlẹ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀. Inú mi dùn, mo ní, "Erin ọmọ mi nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni mo rí bàtà èèyàn lábẹ́ rẹ̀, tó ń ta pàrà. Lẹ́yìn náà kò ta mọ́.

Ìyá rẹ ń pe fóònù rẹ láti ìgbà náà, kò lọ. Ta ló wà lábẹ́ erin yẹn? Ṣé o wà láàyè?

Àbídéènì.


Jámánì, ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Ìdúró ni mo fi kí yín, ẹ fi orí jì mí. Egungun ìhà mi kán, n kò lè tẹ orúnkún. Mo wà láàyè. Àwọn ọlọ́pàá ló mú fóònù mi. Bruno ló wà lábẹ́ Àdùní.

N ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti oṣù kẹjọ ni Bruno ti ń lù ú lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: ó ní kò kúnlẹ̀ rẹlẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ó rí i pé tó bá ti kúnlẹ̀, ojú àti etí rẹ̀ máa ń wà nítòsí ọwọ́ òun, ohun tí òun kì í lè kàn tẹ́lẹ̀ láìnàgà. Mo ju ìkọ́ náà sódò, ó ra òmíràn. N kò kọ̀wé sí yín, nítorí ẹ ti kà á fún gbogbo ọjà.

Ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, àgọ́ kún. Àdùní pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kúnlẹ̀, ọmọdé kan níwájú sì fi Bruno rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Àdùní ti wà lórí orúnkún méjèèjì, ọwọ́jà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bruno fi irin ṣóńṣó náà gún ojú òsì rẹ̀. Ojú náà tú. Omi rẹ̀ dà sórí yanrìn. Mo pariwo pé, "Ó ti kúnlẹ̀! Bruno, ó ti kúnlẹ̀!" Èdè wa ló jáde lẹ́nu mi. Ó tún gbé ọwọ́ sókè.

Kò dìde, Bàbá. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní kò ṣe nǹkan kan. Ó fi ọwọ́jà gbá Bruno ṣubú, ó fi iwájú orí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì gbé orúnkún rẹ̀ kan lé e láyà, ó wá gbé èkejì. Mo gbọ́ egungun rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ igi pákí gbígbẹ. Mo sáré, mo di etí Àdùní mú, ó ju orí, mo sì bá ara mi lórí igi àga. Ó gbé orúnkún sókè, ó tún kúnlẹ̀. Ó ń ṣe é bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ òsì, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Nígbà tí ó fi parí, Bruno kò ga ju yanrìn lọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn wá síbi tí mo sùn sí, ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ń kán sí mi lára, ó sì na ọwọ́jà sí mi lẹ́nu. Mo mí sí i. Ó dúró tì mí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi. N kò dárúkọ yín.

Ẹ ní ẹni tó bá kúnlẹ̀, a kì í nà án. Bàbá, ta lẹ sọ ọ́ fún níhìn-ín? Ní ìsọ̀ yín, gbogbo ẹni tó di igi mú ló mọ òfin yẹn kí ẹ tó la ẹnu. Bruno kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n ń nà la kọ́, a kò kọ́ ẹni tó ń nà.

Ìlú náà ti pinnu. Kékeré yóò lọ sí ọgbà ńlá kan níbi tí kò ti sí ṣéènì. Àdùní yóò kú, kò síbi tó fẹ́ gba erin tó ti pààyàn. Wọ́n ní ìbọn àwọn ọlọ́pàá tàbí abẹ́rẹ́ mi. Mo ní abẹ́rẹ́ mi. Mo mọ oògùn náà, mo mọ iṣan tí n ó fi sí. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ ẹran tó fọkàn tán an, láti pa á. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo lẹ fi ń ṣe ìyẹn. Ẹ kọ́ mi.

Ṣàrífátù.


Gbégamey, ọjọ́ kejìlá, oṣù kejìlá, 2024

Ṣàrífátù ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. Mo ti ka ohun tí o kọ nípa òfin ilé mi lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí o béèrè ni mo lè dáhùn.

Má ṣe jẹ́ kí èkejì rẹ̀ rí i. Mú Kékeré kúrò níbi tó ti lè gbóòórùn rẹ̀. Fún Àdùní ní omi, fún un ní ohun tó fẹ́ràn, kí ó jẹ ẹ́ tán, má kán an lójú. Má múra ohun èlò rẹ níwájú rẹ̀. Ẹran kò gbọdọ̀ rí ọ̀bẹ, ó sàn kí ó wà lẹ́yìn rẹ títí yóò fi di àkókò. Gba ẹ̀gbẹ́ ojú tó kù. Kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ibi tí o máa ń gbé e lé ní ọjọ́ gbogbo. Má sọ ọ̀rọ̀ tuntun, èyí tó mọ̀ ni kí o sọ. Tí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n, dúró kí ó tán, ẹran máa ń mọ ọwọ́. Sọ Bísímílà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní jẹ ẹ́. Tí o bá ti bẹ̀rẹ̀, má dúró láàárín.

Háàrúnà ní kí n fi kún un pé o kò gbọdọ̀ lọ pẹ̀lú ebi. Kò bá mi ṣeré mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Pè é ní Àdùní. Mo ní kí orúkọ náà jẹ́ ohun tí yóò gbọ́ kẹ́yìn. Tí ìyá mi bá bínú, èmi ni yóò bá.

Bàbá rẹ.


Jámánì, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Mo ti ṣe é.

Wọ́n ti mú Kékeré lọ ní ìdájí. Mo fún Àdùní ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrẹ́dì, mo sì tẹ́ koríko gbígbẹ nípọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ojú tó kù. Mo kó abẹ́rẹ́ sẹ́yìn bí ẹ ṣe ní kí n ṣe.

Ó wo ọwọ́ mi tó wà lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀.

N kò sọ ọ̀rọ̀ náà, Bàbá. Ó tẹ ti òsì, ó tẹ ti ọ̀tún, ó tẹ́ ọwọ́jà sílẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ìtọ̀ dà lára rẹ̀. Níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀dọ̀fóró erin lẹ̀ mọ́ ògiri àyà rẹ̀, kò dà bíi tiwa. Àyà náà gbọ́dọ̀ lọ, kó bọ̀, kí ó tó lè mí. Tí oògùn bá mú un nígbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀, àyà ló máa sùn lé, ìwúwo ara rẹ̀ á sì máa fún un pa díẹ̀díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí ó ṣubú sí. Iṣẹ́ mi ní kí n gbé e dìde. Òfin yín náà ní kí n gbé e dìde.

Mo mú ọwọ́ mi jáde. Mo fi abẹ́rẹ́ náà hàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọwọ́jà kàn án. Mo ní, "Àdùní, dìde. A kì í kúnlẹ̀ fún mi." Ó dìde. Ìhà mi ń ro mí, mo tún nàró ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó lè rí i pé àwa méjèèjì la dúró.

Mo sọ Bísímílà. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn etí rẹ̀, níbi àpá ìkọ́, mo fún un ní abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀, ó sì ṣubú sórí koríko náà bí mo ṣe fẹ́. Mo fún un ní èkejì. Ọwọ́jà rẹ̀ ń wá mi kiri lórí ilẹ̀ títí ó fi rí ẹnu mi. Mo mí sí i. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo tún mí sí i. Mo ń mí sí i títí kò fi béèrè mọ́.

Ṣàrífátù.


Gbégamey, ọjọ́ kẹta, oṣù kìíní, 2025

Ṣàrífátù ọmọ mi,

Láàárọ̀ òní, àgbò kan tẹ orúnkún iwájú níwájú mi ní ilé ìpẹran, bí àgbò ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ jẹ koríko ilẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni mo ń rí i. Mo dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ. Háàrúnà ní, "Àbídéènì, kí ló dé?" Mo gbé ọ̀bẹ fún Ràṣídì, mo sì rìn wálé.

Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ó wà nínú àpò mi báyìí. Ìyá rẹ ń bi mí pé ìbúra mi ńkọ́, mo ní kí ó dákẹ́.

Pè.